Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà: ta ló láṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra wọlé fún Donald Trump lẹ́ẹ̀kejì gan-an, ó buwọ́ lu àṣẹ ààrẹ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14160. Àṣẹ náà ní tí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìjọba àpapọ̀ yóò máa kà sí ọmọ Amẹ́ríkà mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí ọ̀pọ̀ aboyún kò sì mọ ohun tí wọn yóò pe ọmọ inú wọn níwájú òfin.

Àṣìgbọ́ kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú nìkan ni àṣẹ yìí ń bá wí, pé ẹni tó bá bá ẹnu ọ̀nà wọlé kò ní ìṣòro. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oríṣi ọmọ méjì ni àṣẹ náà dárúkọ. Èkíní ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, tí bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card. Èkejì ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ìwé pé pérépéré ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè, tí bàbá náà kò sì jẹ́ ọmọ ìlú tàbí onígreen card. Ẹ wo ẹni tó bọ́ sínú èkejì yìí. Obìnrin tó jẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Houston, tó wà lórí físà iṣẹ́ H-1B, tí ọkọ rẹ̀ sì bá a wá lórí físà tirẹ̀, ó wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí físà F-1, tó ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, tí ọkọ rẹ̀ náà sì ń kàwé, ó wà níbẹ̀. Ìyá tó gba físà àlejò wá bímọ, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń san owó orí lóṣooṣù, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá kankan, ọmọ wọn yóò bọ́ sí ìta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni tó gba inú aginjù wọlé.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Maryland ní ọdún 1998, kò sí ohun tí àṣẹ náà fi kan án.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi di ọ̀ràn ìwé òfin? Nítorí pé gbólóhùn kan wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Kẹrìnlá, tó ní: gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tàbí tí wọ́n fi òfin sọ di ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ọmọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé sì ni wọ́n pẹ̀lú. Gbogbo ìjà tó ń lọ yìí kò ju orí gbólóhùn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó bí gbólóhùn náà yóò rò pé ọ̀rọ̀ físà ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dred Scott, ẹrú tí wọ́n bí ní Virginia. Ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ gbé ní Illinois àti ní agbègbè Wisconsin, níbi tí òfin kò ti fàyè gba oko ẹrú. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí Missouri, ó pe ẹjọ́ pé òun ti di òmìnira. Ní ọdún 1857, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi adájọ́ 7 sí 2 lé e dànù. Roger Taney tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ kọ ọ́ pé ọmọ adúláwọ̀ tí ìran rẹ̀ jẹ́ ẹrú kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láé, ìbáà jẹ́ ẹrú ìbáà jẹ́ òmìnira, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí baba baba rẹ̀ sí. Ó ní nígbà tí wọ́n ń dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, wọn kò ka adúláwọ̀ sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ kankan tó di dandan kí aláwọ̀ funfun bọ̀wọ̀ fún. Dred Scott kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọdún 1861, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú pẹ̀lú Àtúnṣe Kẹtàlá ní ọdún 1865. Àwọn aṣòfin ìgbà náà mọ̀ pé ìyẹn kò tíì tó. Ilé ẹjọ́ lè tún gbé irú ìdájọ́ Taney kalẹ̀, àwọn aṣòfin mìíràn sì lè dé lọ́la kí wọ́n yí òfin lásán padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ìlú sínú ìwé òfin fúnra rẹ̀, kó má bàa wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí oyè. Àwọn ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i tán ní ọjọ́ 9, oṣù Keje, ọdún 1868. Andrew Johnson tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà kò fẹ́ àtúnṣe yìí rárá, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i, nítorí ìwé òfin kò fún ààrẹ ní ipò kankan nínú àtúnṣe ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí èèyàn 110 láti Ouidah lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ láti ọdún 1808, nítorí náà òru ni wọ́n kó wọn wọlé, tí wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni wọ́n mú un ní ìlú rẹ̀, àwọn òpìtàn tó sì tọpa rẹ̀ sọ pé ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń pè é ní Cudjo Lewis. Lẹ́yìn ogun, òun àti àwọn tí wọ́n jọ bá ọkọ̀ wá ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kékeré kan dó tí wọ́n ń pè ní Africatown títí dòní. Ọdún 1868 yìí kan náà ni òfin sọ ọ́ di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó bí ọmọ mẹ́fà sí Alabama, olúkúlùkù sì ní orúkọ òyìnbó àti orúkọ ilé. Iyadjemi ni wọ́n kọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀.

Mo mú ìtàn Kossola wá nítorí ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò. Wọ́n ń sọ pé àwọn tó kọ Àtúnṣe Kẹrìnlá kò ní ọmọ àwọn tó wọlé lọ́nà tí kò bófin mu lọ́kàn, pé kò tilẹ̀ sí irú wọn nígbà yẹn. Ó wà. Kossola fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kó wọ Amẹ́ríkà ní ìlòdì sí òfin ìjọba àpapọ̀, kò sì dá nìkan wà, nítorí wọ́n ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn kó ẹrú wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1808. Àwọn ọmọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe yìí kọ́kọ́ dáàbò bò. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bí àwọn òbí wọn ṣe dé èbúté, nítorí gbogbo ìdí tí wọ́n fi kọ gbólóhùn náà ni pé ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe irú ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ìjọba ní í sọ, nítorí wọn kò sọ pé ìwé òfin kò sí. Ohun tí wọ́n dì mú ni àpólà tó wà láàárín gbólóhùn náà: "tí wọ́n sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀." Wọ́n ní wíwà lábẹ́ àṣẹ ju kí òfin ìlú múni lọ, wọ́n ní ó túmọ̀ sí kí ènìyàn jẹ́ ti ìlú náà tọkàntọkàn, láìsí ìlú mìíràn tó ń jẹ́ tirẹ̀, kó sì fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé tòótọ́. Wọ́n ní àlejò tó máa padà lọ, àti ẹni tí òfin kò gbà láyè, kò dé ibẹ̀, ọmọ wọn náà kò sì dé ibẹ̀. Wọ́n ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Sẹ́nétọ̀ Jacob Howard láti Michigan, tó gbé gbólóhùn náà wá sí ilé aṣòfin àgbà ní ọdún 1866, tó ní kò kan àwọn àjèjì tó jẹ́ ara ìdílé àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé àjèjì lọ́tọ̀, ìdílé aṣojú lọ́tọ̀. Àwọn tó ta kò wọ́n ní ènìyàn kan ṣoṣo ni Howard ń ṣàpèjúwe: àjèjì tó jẹ́ ará ilé aṣojú ìjọba.

Ọjọ́ àríyànjiyàn yẹn náà lè ràn wá lọ́wọ́. Edgar Cowan, sẹ́nétọ̀ láti Pennsylvania, béèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ àwọn ará Ṣáínà di ọmọ Amẹ́ríkà ni. John Conness láti California dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí àwọn fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí, wọ́n sì dìbò.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́. Wong Kim Ark ni wọ́n bí ní San Francisco ní ọdún 1873, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣáínà tí òfin kò gbà láyè láti di ọmọ Amẹ́ríkà bó ti wù kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó. Ó lọ bẹ ilé wò ní Ṣáínà. Nígbà tó padà ní ọdún 1895, àwọn òṣìṣẹ́ etíkun ní kò lè sọ̀ kalẹ̀, pé kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Orí omi ni wọ́n dá a dúró sí fún oṣù mélòó kan, láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1898, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi adájọ́ 6 sí 2 dá a láre. Adájọ́ Horace Gray to àwọn tí gbólóhùn náà kò kàn lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ tí wọ́n bí nínú ọkọ̀ ìjọba àjèjì, ọmọ ọ̀tá tó gba ilẹ̀ lójú ogun, àti àwọn ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń ṣe ìjọba ara wọn. (Ọdún 1924 ni òfin tó sọ gbogbo àwọn onílẹ̀ yìí di ọmọ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí jẹ́ ìtìjú kan tó yẹ kó gba àlàyé tirẹ̀.)

Ìjọba dáhùn pé àwọn òbí Wong ní ibùgbé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní San Francisco, pé ìdájọ́ náà kò dé orí àwọn tí kò ní i. Òótọ́ ni pé ìwé ìdájọ́ náà mẹ́nu kan ibùgbé wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò rí bí èyí ṣe lè yí ìtumọ̀ padà. Ẹni tó wà lórí físà, tó bá jalè ní Atlanta, Atlanta ni wọn yóò ti mú un, adájọ́ ibẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ ni yóò sì lọ. Ẹni tí kò ní ìwé rárá ńkọ́? Abẹ́ àṣẹ kan náà ni wọ́n fi ń lé e kúrò nílùú. Aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ọlọ́pàá kò lè fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀. Bí òfin bá lágbára lórí èèyàn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ pé ọmọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ? Ní ọdún 1940 àti ọdún 1952, àwọn aṣòfin tún kọ gbólóhùn kan náà sínú òfin orílẹ̀-èdè, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ìtumọ̀ tí ilé ẹjọ́ fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà, títí kan àwọn èèyàn wa, tó gbà pé kò yẹ kí ọmọ àlejò di ọmọ ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Èrò tó ṣeé jiyàn lé ni. Ìwé òfin Nàìjíríà tiwa ti ọdún 1999 kò fún ọmọ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀: abala 25 rẹ̀ wo òbí tàbí òbí àgbà, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí àwọn ará Líbánónì bá bí sí Ìkẹjà kì í di ọmọ Nàìjíríà nítorí pé Ìkẹjà ni wọ́n bí i sí. Ìlú Ọba náà ti fi irú ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí London kí ọdún 1983 tó dé, nígbà tí òbí rẹ̀ ń kàwé, ó ti di ọmọ Ìlú Ọba lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí ní ilé ìwòsàn kan náà ní ọdún 1984 kò dà bẹ́ẹ̀, àfi bí òbí rẹ̀ kan bá ti gba ìwé ìgbélùú títí lọ. Òfin tí ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe ní ọdún 1981 ló yí i padà, nítorí ìwé òfin kan ṣoṣo tó ga ju ilé aṣòfin lọ kò sí níbẹ̀.

Ti Ireland ló yẹ kí á fi wo ti Amẹ́ríkà dáadáa. Ìwé òfin Ireland ló fún ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì bímọ ní Dublin nígbà yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wa kò wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn. Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ mú ẹ̀tọ́ náà kúrò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bi ará ìlú léèrè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, gbogbo ìlú dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin, nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí wọ́n yí i. Ó dun ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀tọ́ náà bá wọlé ni wọ́n mú un gbà jáde.

Ẹnu ọ̀nà wà ní Amẹ́ríkà náà, ó kàn há ni. Abala Karùn-ún ìwé òfin wọn sọ pé kí ilé aṣòfin àgbà àti ilé aṣojúṣòfin fọwọ́ sí àtúnṣe pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, tàbí kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ pe àpérò. Lẹ́yìn náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, èyí tó jẹ́ 38 nínú 50. Ìpínlẹ̀ 13 péré tó láti dá a dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ìwé náà, àbá àtúnṣe tó lé ní 11,000 ni àwọn aṣòfin ti gbé wá. 27 péré ló wọlé, 10 àkọ́kọ́ sì jọ wọlé pọ̀ ní ọdún 1791. Nígbà mìíràn ó máa ń yá: èyí tó fún ọmọ ọdún 18 láyè láti dìbò kò gba ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ ní ọdún 1971. Nígbà mìíràn kì í yá. Èyí tó kẹ́yìn, tó dá lórí owó oṣù àwọn aṣòfin, ọdún 1789 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀, ọdún 1992 ló tó parí. Fífagilé àtúnṣe kò sì jẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí: wọ́n fi òfin de ọtí ní ọdún 1919, wọ́n sì fi àtúnṣe mìíràn tú u ní ọdún 1933.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú ọ̀ràn yìí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó yí padà ní ọ̀nà tó lè gbà. Kó lọ wá ìbò àwọn aṣòfin, kó lọ wá ìpínlẹ̀ 38. Bí ìbuwọ́lù ẹnì kan bá lè yí ìtumọ̀ Àtúnṣe Kẹrìnlá padà, kí ló kù tí ààrẹ mìíràn kò lè fi ìbuwọ́lù yí nínú Àtúnṣe Kìíní tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹnu àti ẹ̀sìn? Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí àṣẹ yìí lónìí ní láti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ilé ẹjọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ aráàlú pe ẹjọ́, kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí Adájọ́ John Coughenour ní Seattle, ẹni tí Ààrẹ Reagan yàn sípò, fi dá àṣẹ náà dúró. Ó sọ gbangba pé ó tako ìwé òfin. Àwọn adájọ́ ní Maryland, New Hampshire àti Massachusetts ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè bóyá àṣẹ náà bófin mu. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá adájọ́ kan ṣoṣo lè dá àṣẹ ààrẹ dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, adájọ́ 6 sí 3 ní rárá, pé ìrànwọ́ adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ lọ́dọ̀ àwọn tó pe ẹjọ́. Amy Coney Barrett ló kọ ìdájọ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìròyìn yẹn, wọ́n sì rò pé ìjọba ti borí pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì fọwọ́ kan ìtumọ̀ Àtúnṣe Kẹrìnlá rárá.

Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn agbẹjọ́rò pe ẹjọ́ tuntun ní New Hampshire ní orúkọ gbogbo ọmọ ọwọ́ tí àṣẹ náà lè kàn jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, Adájọ́ Joseph Laplante gbà kí ẹjọ́ náà dúró fún gbogbo wọn, ó sì tún dá àṣẹ náà dúró. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà láti gbọ́ ẹjọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní Trump v. Barbara. Títí di ọjọ́ náà, àṣẹ 14160 kò tíì ṣiṣẹ́ lórí ọmọ kankan. Ìbéèrè tí wọ́n gbà láti dáhùn lọ́tẹ̀ yìí ni ìbéèrè gan-an: ta ni ọmọ Amẹ́ríkà?

Ohun mìíràn wà tí àwọn ọmọ ìlú tí ọ̀rọ̀ kò kàn kò tíì rò ó dé. Lónìí, bí òbí bá ń gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ti tó láti fi hàn pé ọmọ Amẹ́ríkà ni. Kò sí ohun tó wà nínú ìwé náà tó sọ irú físà tí ìyá ní. Bí àṣẹ yìí bá wọlé, ìwé yẹn kò ní tó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Obìnrin tí wọ́n bí sí Chicago, tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí Chicago, yóò ní láti fi ẹ̀rí hàn kí ọmọ rẹ̀ tó di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù sì mọ ohun tí yóò dojú kọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Nàìjíríà láti fẹ̀yìn tì, nítorí abala 25 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ kan wà tí ìlú òbí wọn kò ní gbà wọ́n bẹ́ẹ̀, tí wọn kò ní ní ìlú kankan rárá.

Fún ẹni tí oyún wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ síbẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ láìfi falẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé físà yín tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bí i. Ẹ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀ pẹ̀lú, ní Atlanta, New York tàbí Washington. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ní kókó, agbẹjọ́rò ìwọ̀lú tó ní ìwé àṣẹ ni kó lọ bá, kó má ṣe gba ìmọ̀ràn orí WhatsApp.